Mo Kọ́ Àbúrò Mi Ní Ààbò, Mo sì Kọ́ Ọkọ Rẹ̀ Bí Yóò Ṣe Já A

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ tó bá mi lọ síwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na apá ọ̀tún yín. Ẹ ká a wọlé. Ẹ tún nà án. Ẹ ó rí i pé ìgúnpá ń ká sí ìhà kan, kò sì ní ká sí ìhà kejì, bó ti wù kí ẹ rọ̀ ọ́ tó. Kò sí ọmọdé tí kò mọ èyí. Èmi ni mo sọ ọ́ di ẹ̀kọ́, tí mo fi kọ́ ẹni tí kò yẹ kí n kọ́.

Orúkọ mi ni Ọlọ́runlékè. Ọmọ Kàbà ni mí, iṣẹ́ tísà ni mo sì ń ṣe. Ní ọdún 1981, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama láàárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mò ń kọ́ àwọn àgbà ní káràtè. Ìlọrin ni mo ti kọ́ ọ nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, bẹ́líìtì búráùn ni mo sì gbà kí n tó padà wálé.

Àsìkò yẹn, fíìmù àwọn ará Ṣáínà ti gba orí àwọn ọ̀dọ́. Gbogbo wọn fẹ́ fò kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá ògiri. Èmi kì í kọ́ni ní fífò. Ààbò ni mo ń kọ́ni, bí èèyàn ṣe lè dí ọwọ́ tó ń bọ̀ wá bá a.

Mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ààbò òkè wà fún ọwọ́ tó ń bọ̀ lórí, ààbò àárín wà fún èyí tó ń bọ̀ láyà, ààbò ìsàlẹ̀ wà fún ikùn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi àtẹ́lẹwọ́ gba ẹ̀ṣẹ́ bí ẹni ń gba bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbẹ́ apá ni kí wọ́n fi gbá a dànù, kí ó kọjá lọ sí ìta ara.

Ṣùgbọ́n kí n tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní ààbò kankan, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń mú kí ó sọ tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ náà ni pé bí ọ̀nà bá ṣí, bá ọ̀nà lọ. Apá wà fún ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà.

Mẹ́rìnlá ni wá nínú ẹgbẹ́ wa. Tísà pọ̀ nínú wọn, akọ̀wé méjì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Cecilia náà wà, àti awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Délé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Délé máa ń sọ pé òun kò wá kọ́ bí a ṣe ń jà, pé òun wá kọ́ bí òun yóò ṣe gba ara òun lọ́wọ́ àwọn tí òun jẹ ní ṣéńjì.

Mo ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, Monica. Aṣọ ni ó ń hun, lórí òfì gbọọrọ tí àwọn obìnrin wa máa ń gbé ti ògiri, tí wọ́n ń jókòó síwájú rẹ̀. Ó ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wa ní Ògìdì. Tí Monica bá ń hun aṣọ, ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe ń fi ọ̀pá pẹlẹbẹ gbá òwú mọ́lẹ̀ láti ojú títì. Kò yára, kò sì falẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ni Bámigbóyè, ọmọ Ìyàrà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní ìlú wa, ibi tí wọ́n ti ń bójú tó eré ìdárayá. Ọkùnrin tó mọ aṣọ wọ̀ ni, tó sì máa ń pa àwọn ìyá àgbà lẹ́rìn-ín lẹ́yìn Máàsì. Ó máa ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, nítorí pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, Monica wọlé bá wa pẹ̀lú ojú wíwú. Kò sunkún. Ó ní ọbẹ̀ ni ó pẹ́ tí ọkọ òun fi lu òun. Ìyá wa gbé omi gbígbóná fún un, ó sì tẹ́ ẹní fún un nínú yàrá tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Bámigbóyè dé pẹ̀lú àgbà méjì láti ilé wọn. Wọ́n gbé obì dání. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun àti àwọn àgbà náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ tó bá wá bẹ̀bẹ̀ báyìí, wọn kì í lé e padà lásán. Baba ìyàwó ni yóò mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, tí yóò fi lé ọkọ lọ́wọ́. Baba wa ti kú. Èmi ni àgbà ọkùnrin nínú ilé.

Ìyá wa sọ láti inú yàrá pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun lo oṣù kan. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fẹ́ gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, Bámigbóyè ni ó bá wa gba gbọ̀ngàn ńlá kan láti máa lò. Tẹ́lẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò ni a ti ń ṣe káràtè, òjò ń lé wa. Ó tún ti ń sọ̀rọ̀ ìdíje kan tí yóò wáyé ní Ìlọrin ní oṣù kọkànlá. Ó ní lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì àwọn ni yóò gbé ẹgbẹ́ mi débẹ̀.

Mo mú ọwọ́ Monica, mo fi lé e lọ́wọ́.

Kò bá mi jà. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ mi, bí ẹni tó ń wo ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé fún ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ náà, ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Monica wá kí ìyá wa, mo sì rí ohun dúdú kan ní apá rẹ̀. Mo pè é sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ní kí ó dúró, kí ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí ó gbé apá sókè. Ó bi mí léèrè pé kí ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní mo fẹ́ kọ́ ọ bí kò ṣe ní jẹ́ kí ọwọ́ bà á mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó dà bíi rẹ̀. Òfì ti kọ́ apá rẹ̀ kí èmi tó dé. Tí mo bá ju ọwọ́ sí i lórí, ó ń gbé apá rẹ̀ dìde bí ìgbà tó bá ń na ọwọ́ sí òwú òkè. Tí mo bá jù ú sísàlẹ̀, ó ń gbá a dànù bí ẹni ń gbá òwú mọ́lẹ̀. Ìyá wa máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí wa.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Monica ń wá, ó ń fi òwú ṣe àwáwí. Mo kọ́ ọ ní ààbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn nìkan, èyí tí mo ń kọ́ àwọn àjèjì kí n tó kọ́ wọn ní ohunkóhun, ni n kò kọ́ ọ. Bí mo bá sọ fún un pé kí ó bá ọ̀nà lọ, ọ̀nà ilé wa ni yóò bá wá. Bámigbóyè yóò sì tún gbé obì dé, yóò wo ojú mi.

Nítorí náà, dúró ni mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ pé kí ó dúró, kí ó máa dí i.

Ohun kan ṣoṣo ni ó bẹ̀ mí. Ọjọ́ kan, ó ń nu òógùn, ó sì sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bí kò bá mọ ibi tó ti wá, ẹ̀rù yóò máa bà á díẹ̀."

Mo ṣèlérí. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ojú Monica mọ́. Aṣọ ń jáde lórí òfì rẹ̀, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí tàtijọ́. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé mo ti tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti lọ, mò ń gbá gbọ̀ngàn. Mo gbọ́ alùpùpù Bámigbóyè níta. Ó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe.

"Okun o, ẹ̀gbọ́n," ó kí mi bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa. "Ẹ ti sọ ìyàwó mi di sójà."

Mo bi í pé kí ni ó ń wí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwàdà. Ó ní òun kàn gbé ọwọ́ ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ni Monica bá gbá ọwọ́ náà dànù, tí ó fi lọ bá ògiri. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Ó ṣì wú. Ó ní òun bi í léèrè títí ẹni tó kọ́ ọ, kò sọ.

"Ṣùgbọ́n Kàbà mélòó ló wà?" ó ní. "Tísà káràtè mélòó ló wà nínú rẹ̀?"

Mo lè sẹ́. Mo lè ní òun ni ó mọ ohun tó fọwọ́ rẹ̀ kàn. Mo tilẹ̀ lè bi í pé kí ló dé tí ó ń gbé ọwọ́ sí àbúrò mi. Ìbéèrè yẹn wà ní ẹnu mi gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi dípò rẹ̀. Inú mi dùn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti lo ẹ̀kọ́ mi, ẹ̀kọ́ náà sì ti jẹ́. Mo wo ọwọ́ tó wú yẹn bí tísà ṣe ń wo iṣẹ́ ilé tí ọmọ ṣe dáadáa. Mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ó fi mọ̀ pé èmi ni.

Kò bínú. Ó ní ó dára kí obìnrin lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ó ní òun náà fẹ́ mọ̀ ọ́n, pé olè ti pọ̀ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, tí èèyàn bá ti gbé apá báyìí, ṣé ó ti parí náà nìyẹn? Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́?"

Ọ̀rọ̀ mi yóò yé ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tísà. Ìbéèrè tó dára ni. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní irú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í béèrè, wọ́n kàn ń ṣe ohun tí mo bá ní kí wọ́n ṣe. Ó ti wà lára mi láti kékeré, tí ẹnìkan bá bi mí ní ìbéèrè tó dára, ọwọ́ mi ń wá ṣọ́ọ̀kì kí ọkàn mi tó rò ó.

Pátákó wa jẹ́ irú èyí tí a lè yí. Mo yí i sẹ́yìn, mo ya apá kan, mo fi ọfà sí i. Mo ṣàlàyé fún un pé apá tó bá ti dí ẹ̀ṣẹ́ máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó padà. Nínú díẹ̀ yẹn, tí èèyàn bá di ọrùn ọwọ́ mú, tí ó wá fi ọwọ́ kejì ti ìgúnpá láti ẹ̀yìn, ààbò náà ti já. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi hàn án, jẹ́jẹ́.

"Wò ó," mo ní. "Ìhà kan ló ń tẹ̀."

N kò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan ní èyí rí. Cecilia ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ní rárá, pé ó máa ń fọ́ egungun, pé ẹni tí mo bá fi ọkàn tán ni mo lè fi hàn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

Bámigbóyè wá ní ọjọ́ kejì, ó sì tún wá ní ọjọ́ kẹta. Mo tún bí ó ṣe ń dúró ṣe. Mo ní kí ó má fipá mú un, pé ìwọ̀n ara ni kí ó lò. Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ń dúpẹ́, ó ń bá mi gbá gbọ̀ngàn. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó ń wọ bàtà rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ Ìlọrin bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ó ní lẹ́tà náà wà lórí tábìlì òun.

Mo mọ̀. N kò ní parọ́ fún yín. Ìdajì ọkàn mi mọ ìdí tó fi wá. Ìdajì kejì ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ìlọrin.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìránṣẹ́ gbé lẹ́tà dé ilé ìwé. Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Mo kà á fún púrínsípà, mo kà á fún ẹni tó ń gbálẹ̀, mo tún kà á fún ìyá wa tí kò mọ̀wé. Ìyá wa ní kí n rọra máa ṣe.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹgbẹ́ pé sí gbọ̀ngàn. Mo ti ka lẹ́tà náà fún wọn. Délé ní òun yóò wọ aṣọ funfun òun láti Kàbà dé Ìlọrin, kí àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà má baà dá òun dúró. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Cecilia wọlé.

Aṣọ nọ́ọ̀sì ni ó wọ̀. Kò bọ́ bàtà rẹ̀.

Ó dúró síwájú mi, ó kí mi dáadáa, ó sì béèrè bóyá mo ti kọ́ ẹnìkan ní èyí tí mo ní n kò ní kọ́ àwọn. Mo ní èwo. Ó na apá tirẹ̀, ó sì yí i díẹ̀.

Ó ní wọ́n rí obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun nìkan ni ó fẹsẹ̀ rìn wá. Apá ọ̀tún ni. Dókítà ní irú èyí kì í ṣe ti ẹni tó ṣubú. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì ti ìgúnpá sí ìhà tí kì í ká sí. Obìnrin náà sọ fún Cecilia pé bí ọkọ òun ṣe ń ṣe é, ó ń ka ọ̀rọ̀ kan sí òun létí, bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Mo bi í pé ọ̀rọ̀ wo.

"'Wò ó, ìhà kan ló ń tẹ̀,'" Cecilia ní.

Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò mọ ohùn tí ọ̀rọ̀ yẹn jọ. Èmi ni mo máa ń sọ "wò ó" bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tó pẹ́.

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé. Mo ní bóyá ọkùnrin náà kà á nínú ìwé. Mo ní ìwé káràtè wà lọ́jà. Mo ń sọ̀rọ̀, ohùn mi ń lọ sókè bí ti ẹni tí ìṣirò rẹ̀ kò bọ́ sí i.

Délé kò fẹ́ wo ojú mi. Ó yí padà, ó di pátákó mú bí ẹni tó fẹ́ nu ún, kí ó lè rí nǹkan ṣe. Pátákó náà yí. Apá tí mo yà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọfà wà lára rẹ̀. Mo ti kọ "ìhà kan" sí i lábẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó tẹ̀ sápá ọ̀tún, tí gbogbo wọn mọ̀.

Délé fi apá aṣọ rẹ̀ nu ojú ara rẹ̀, kò nu pátákó.

Mo bi Cecilia pé ta ni obìnrin náà. Mo mọ̀. Mo kàn ń fẹ́ kí ó jẹ́ ẹlòmíràn.

"Àbúrò yín ni, Tísà," ó ní. "Ó gba iwájú ilé yín kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo bi í pé kí ló dé tí kò yà. Ó ní tí òun bá yà, ẹ ó tún mú ọwọ́ òun, ẹ ó fi lé e lọ́wọ́."

Mo sáré dé ọsibítù láìwọ bàtà. Ibùsùn rẹ̀ ti ṣófo. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ìyá wa ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ògìdì. Ìyá mi, tí a jọ ń gbé inú ilé kan, ti mọ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sì sọ fún mi. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, lẹ́tà Ìlọrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

Mo lọ bá Bámigbóyè. Mo lọ láti fọ́ ọ. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń gé èékánná. Òfì Monica wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tó fara ti ògiri, aṣọ kan wà lórí rẹ̀ tó ti dé ìdajì. Kò dìde, kò sá.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ̀yin lẹ fi lé mi lọ́wọ́, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Kí ni mo jí gbé?"

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti fi mí sílẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n rán an. Lẹ́yìn náà mo padà sílé.

Àwọn àgbà ilé méjèèjì pàdé nígbẹ̀yìn, wọ́n sì tú ìgbéyàwó náà ká. Ọ́fíìsì rẹ̀ gbé Bámigbóyè lọ sí ìlú mìíràn. A kò lọ sí Ìlọrin. Mo kó kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn padà fún ọ́fíìsì, mo sì fi bẹ́líìtì mi so àpótí ìwé. Cecilia ni ó ń kọ́ àwọn tó kù nísinsìnyí, lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ń mú kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń fi èyí tirẹ̀ kún un, pé kí olúkúlùkù wọn dárúkọ ilé kan tó lè sá sí, tí wọn kò ní fà á padà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá rí ilé dárúkọ, Cecilia kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ààbò títí yóò fi rí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ mi nìyí. Bí àbúrò yín bá wọlé pẹ̀lú ojú wíwú, ẹ má kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ẹ tẹ́ ẹní fún un. Bí ọkọ bá gbé obì wá, ẹ gba obì, kí ẹ má gbé ọmọ jáde. Ohun tí mo pè ní ẹ̀kọ́ fún Monica, owó ìtanràn tèmi ni. Mo fẹ́ san án láì jẹ́ kí ó ná mi ní gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ìmọ̀ tó lè fọ́ egungun èèyàn, ẹ wo ẹni tó ń béèrè kí ẹ tó wo bí ìbéèrè náà ṣe dára tó.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí ìyá wa tó ní mo lè lọ. Ọyẹ́ ti mú. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògìdì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lóṣù kìíní, mo sì ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ọkọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣètò iṣẹ́ fún kíláàsì. Mo ní mo máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìlérí tí mo já, lẹ́yìn náà lẹ́tà náà, lẹ́yìn náà ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́.

Monica wà ní ẹ̀yìn ilé, ó jókòó lórí àpótí. Wọ́n ti tú apá rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgúnpá kò nà mọ́. Ó ká síwájú àyà rẹ̀ bí ẹni tí ó gbé ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Òfì méjì wà lára ògiri, ti àwọn obìnrin ilé náà. Ìdì òwú ni ó wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan tú u.

Ó rí mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Okun o, Bọ̀dá," ó béèrè àlàáfíà ilé ìwé, ó béèrè bóyá ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà. Mo jókòó. Gbogbo ohun tí mo ti tò lẹ́sẹẹsẹ kò sí lórí mi mọ́.

Ó dìde, ó wọlé, ó bu omi wá. Ó rọra ń rìn kí ó má baà dà á. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó tún kúnlẹ̀, ó sì nawọ́ ife náà sí mi. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá," ó ní. "Ọwọ́ òsì ni mo fi gbé e fún yín."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wà lórí eékún rẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró kí n sọ pé kò sí wàhálà, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ẹ̀gbọ́n sọ. Mo wá ohùn láti sọ ọ́, n kò rí i.

Ó rò pé inú ń bí mi. Ó tún bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì.